Iná Wà Nídìí Ìkòkò, Ọbẹ̀ Kò Hó: Àkọsílẹ̀ Kànga Jíjìn Kan ní Salazie

Ẹni tó bá ti bá wọn gbẹ́ borehole rí nílẹ̀ wa yóò mọ irú ọ̀ràn tí mo fẹ́ kọ yìí. Onílé á mú yín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, á ní, "Ẹ̀yin ẹ̀ńjíníà, ibí yìí ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí o. Omi wà ńbẹ̀, ẹ sáà ń fojú rí i." Òótọ́ ló sọ, omi wà. Ṣùgbọ́n omi ogún ẹsẹ̀ bàtà àti èyí tẹ́ ẹ ń wá ní igba ẹsẹ̀ bàtà lè má jẹ́ ọmọ ìyá. Mo ti gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ rí, ó sì ná mi lówó. Màá padà síbẹ̀ níwájú.

Kànga tí ọ̀rọ̀ dá lé lónìí kì í ṣe ti agbo ilé. Ọdún 1985 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó jìn tó mítà 2,108, kì í sì í ṣe omi mímu ni wọ́n ń wá nídìí rẹ̀. Ooru ni, ooru tí wọn yóò fi ṣe iná mànàmáná. Inú òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ kan tí òjò ti jẹ tán ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tàbí ẹnikẹ́ni, torí kì í ṣe ẹjọ́ wọn ni mo wá rò. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kì í ṣe òpè. Ohun tí wọ́n bá pàdé lábẹ́ ilẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Ní Salazie, lórí erékùṣù Réunion, ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, nínú Òkun Íńdíà, ní ìlà oòrùn Madagásíkà. Láti ọdún 1946 ló ti jẹ́ ẹ̀ka ilẹ̀ Faransé lábẹ́ òfin. Òkè ayọnáyèéfín méjì ló para pọ̀ di odindi erékùṣù yẹn. Àbúrò ń jẹ́ Piton de la Fournaise, òun ló wà lápá gúúsù ìlà oòrùn, kì í sì í pẹ́ kó tó tún yọ iná. Lọ́dún 2007 ó yọ èyí tó pọ̀ débi pé orí òkè náà wó sínú ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni Piton des Neiges, tó ga tó nǹkan bíi mítà 3,070. Kò sí òkè mìíràn nínú gbogbo Òkun Íńdíà tó ga tó o. Ìyẹn gan-an, orí rẹ̀ nìkan là ń wò, bí ẹni tó rì sódò dé ọrùn, nítorí ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun ní nǹkan bíi mítà 4,000 sí ojú omi.

Àpáta tó dàgbà jù lára ẹ̀gbọ́n yìí, nínú èyí tó hàn lókè omi, ti lé ní mílíọ̀nù ọdún méjì. Ó kọ́kọ́ ń da àpáta yíyọ́ tó ń ṣàn bí ògì gbígbóná. Nígbà tó yá, ní nǹkan bíi 350,000 ọdún sẹ́yìn, èyí tó ń yọ jáde wá ń ki, ó ń fà, ó sì máa ń bú gbàmù. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ó ti lé ní 10,000 ọdún báyìí tí kò ti sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọ̀kan dákẹ́ ni òjò gba ọ̀rọ̀ sọ. Òjò Réunion kì í ṣe òjò tí a mọ̀. Ní oṣù January ọdún 1966, ìjì líle kan rọ̀jò mìlímítà 1,825 sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Foc-Foc láàárín wákàtí 24. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi: òjò tí Ìbàdàn ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin kò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1980, ìjì mìíràn tí wọ́n sọ ní Hyacinthe rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tí wọ́n wọ̀n ní kòtò Commerson sì lé ní mìlímítà 6,000. Irú omi báyìí, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, lórí òkè tí kò lókun mọ́ láti tún ara rẹ̀ mọ!

Kòtò ńlá mẹ́ta tó rí bí àgbada ìdáná ló kù yí ṣóńṣó òkè náà ká: Salazie ní àríwá ìlà oòrùn, Mafate ní àríwá ìwọ̀ oòrùn, Cilaos ní gúúsù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá, ògiri tó sì yí wọn ká ga tó mítà 1,000 níbòmíràn.  Àwọn onímọ̀ ti jiyàn pẹ́ lórí bí àgbada wọ̀nyí ṣe wáyé. Àwọn kan ní caldera ni wọ́n, ìyẹn ni pé inú òkè ṣófo nígbà tí àpáta yíyọ́ jáde tán, orí rẹ̀ wá wó wọlé. Àwọn mìíràn ní omi ló gbẹ́ ẹ. Àwọn kan sì tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó já wálẹ̀ lódindi, torí pé pàǹtí irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀ kún inú àgbada náà fọ́fọ́. Lójú tèmi, gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ díẹ̀: òkè wó, omi sì wá gba ojú ibi tó wó láti gbẹ́ ìyókù. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán, torí ó kan kànga wa. Yálà òkè wó ni o, yálà omi ló jẹ ẹ́, ohun kan dájú: ilẹ̀ tó o dúró lé nísàlẹ̀ àgbada, inú òkè ni nígbà kan rí. Awọ ti bọ́, iṣan lò ń tẹ̀.

Báyìí, kí ló mú kí ẹnikẹ́ni rò pé iná ṣì wà lábẹ́ òkè tó ti dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Omi gbígbóná ni.

Lọ́dún 1831 ni wọ́n rí ìsun kan nínú Salazie tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí èéfín afẹ́fẹ́ sì ń hó pútúpútú nínú rẹ̀. Ìlú kékeré kan hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi orúkọ gómìnà kan tó ń jẹ́ de Hell sọ ọ́, ó di Hell-Bourg. Àwọn olówó etíkun a máa sá fún ooru àti ibà, wọ́n a gòkè wá wẹ̀, wọ́n a mu nínú omi náà. Cilaos náà ní tirẹ̀. Kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé Cilaos (ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní oníkọ́nà 400), àwọn aláàárù ló ń fi àga gbé aláìsàn gòkè lọ síbi omi. Mafate náà ní ìsun tí òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Àgbada mẹ́ta, ìsun gbígbóná ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni kò ní sọ pé ẹni tó ń dáná ṣì wà nílé?

Ní ìparí oṣù January ọdún 1948, ìjì líle kan kọlu erékùṣù náà, èyí tó pa ènìyàn jù lọ níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Ilẹ̀ yí lulẹ̀ ní Hell-Bourg, ìsun náà sì dí. Ilé ìwẹ̀ di ahoro; ògiri rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, táwọn àlejò máa ń lọ wò. Ẹ jẹ́ ká fi àmì sí ọ̀rọ̀ yìí. Fún èmi, àmì àkọ́kọ́ nìyẹn, ọdún 37 ṣáájú kànga.

Ṣe ẹ mọ̀ pé nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè lẹ́yìn ọdún 1973, erékùṣù tí kò ní epo, tí kò sì lè fa wáyà iná láti ilẹ̀ ẹlòmíràn, ni ọ̀rọ̀ dùn jù. Réunion ń fi omi odò ṣe iná, wọ́n ń sun pàǹtí ìrèké, ìyókù sì ń fi ọkọ̀ ojú omi wọlé. Bí ooru ilẹ̀ bá wà, a jẹ́ pé Ọlọ́run ti pèsè. Àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Wọ́n bu omi ìsun lọ yẹ̀ wò. Wọ́n wo afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú rẹ̀, ó sì jọ èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ àpáta yíyọ́ wá. Wọ́n tún wọn bí ilẹ̀ ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá, wọ́n sì rí i pé àwọn ibì kan wà nísàlẹ̀ tó ń gbé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń rí níbi tí omi gbígbóná bá wà.

Ibi ìwọ̀n iná yìí ni kí àwa tí a ń lo irinṣẹ́ kan náà fetí sí. Nílẹ̀ wa, a ó gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, a ó so báttìrì mọ́ wọn, a ó máa sún wọn síwájú, a ó sì máa ka nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀, inú onílé á dùn: omi! Ṣùgbọ́n amọ̀ náà máa ń mú nọ́ńbà lọ sílẹ̀. Amọ̀ àti omi, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń dáhùn bí irin bá bi wọ́n léèrè. Amọ̀ sì rèé, ọ̀tá omi ni. Ó lè mu ún yó, kò ní jẹ́ kó kọjá.

Ìpinnu jáde: kànga méjì ni wọn yóò gbẹ́ lọ́dún 1985. Ọ̀kan ní Salazie, lára ẹ̀gbọ́n tó ti sùn. Ìkejì ní Grand Brûlé, létí òkun, ní ẹsẹ̀ àbúrò tó ṣì ń yọ iná. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Bí ọ̀kan bá tan wọ́n, èkejì á sọ òótọ́.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Salazie. Ooru ń lé sí i. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, bí irin bá wọlẹ̀ ní kìlómítà kan, ooru á fi nǹkan bíi dígírì 25 sí 30 pọ̀ sí i. Ní Salazie, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìdí kànga tó mítà 2,100, ooru ibẹ̀ tó dígírì 192. Ìyẹn ju dígírì 80 lọ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Òkè tí gbogbo ènìyàn ní ó ti kú, ara rẹ̀ ń jó. Dígírì 192 sì tó láti yí ẹ̀rọ iná. Ibòmíràn wà láyé tí wọ́n ń fi èyí tó kéré sí i ṣe iná.

Mo máa ń ro ó bí yóò ti rí fún àwọn tó dúró síbẹ̀ nígbà tí tẹ́mómítà jáde. N kò sí níbẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ayọ̀ yẹn, ayọ̀ ìgbà tí nọ́ńbà bá bá àlá mu.

Lẹ́yìn náà ni omi kọ̀, kò wá.

Àwa Yorùbá ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹni tó ń wá iná nínú ilẹ̀ ní òkúta ààrò mẹ́ta tirẹ̀: ooru, omi, àti ojú ọ̀nà tí omi yóò gbà rìn nínú àpáta. Ooru nìkan kò wúlò, torí a kò lè fi apẹ̀rẹ̀ bu ooru jáde láti kìlómítà méjì nínú ilẹ̀. Omi ló ń gbé e. Omi kò sì lè gbé e bí àpáta bá dí pa. Ní Salazie, òkúta kẹta ni kò sí. Àpáta gbóná, ṣùgbọ́n ó dì gbagidi, omi kò ráyè rìn nínú rẹ̀ débi tí kànga yóò fi tú èéfín tó tó lò. Ìkòkò wà lórí òkúta méjì, ọbẹ̀ dà nù.

Ohun kan wà tó ya ẹni tó wá láti ìdí borehole lẹ́nu nípa irú iṣẹ́ yìí. Bí a bá ń fi ẹrẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ (ẹrẹ̀ tí à ń tì gba inú irin lọ sísàlẹ̀ kó lè kó pàǹtí àpáta wá sókè), tí ẹrẹ̀ náà bá ṣàdédé sọnù sínú àpáta tí kò padà wá sókè, ara wa á gbọ̀n. Irin lè há, owó ti ń lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá ooru, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń retí, nítorí ibi tí ẹrẹ̀ gbà lọ ni èéfín yóò gbà wá. Kànga tí kò bá wàhálà kankan pàdé, tó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ni kí olówó rẹ̀ máa bẹ̀rù.

Grand Brûlé wá sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tún dàrú sí i. Wọ́n jìn kọjá mítà 3,000 níbẹ̀, lẹ́sẹ̀ òkè tó ń yọ iná lójú ayé. Ooru tí wọ́n bá kò tó ti Salazie, bí wọ́n tilẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 900 jìn jù ú lọ. Ohun tí wọ́n bá nísàlẹ̀ ni àpáta wúwo tó dì díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀: ìyẹ̀wù àpáta yíyọ́ tó ti kú, tó jẹ́ ti òkè ayọnáyèéfín mìíràn tí àbúrò wá hù lé lórí. Ẹ ò rí nǹkan? Lábẹ́ òkè tó wà láàyè, wọ́n bá òkú. Lábẹ́ òkè tó ti kú, wọ́n bá ooru. Ẹni tó bá ń fi ojú òde yan ibi tó máa gbẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni erékùṣù yìí tan án lọ́dún kan ṣoṣo.

Kí ló dí Salazie? Ìdáhùn wà nílẹ̀ nínú odò ibẹ̀. Àpáta àtijọ́ inú àgbada yẹn dúdú, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ dá sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń yọ́. Ṣùgbọ́n ihò náà kò ṣófo mọ́. Ohun funfun ti kún inú wọn, tótòtó, bí ìyẹ́ ẹyẹ awó. Zeolite ni wọ́n ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Omi gbígbóná tó ti ń rìn nínú àpáta láti ọdún gbọọrọ ló ń yọ́ ohun tó wà lára àpáta níbì kan, tó sì ń kó o lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, bí funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Amọ̀ náà a máa hù nínú pàlàpálá. Díẹ̀díẹ̀, gbogbo ojú ọ̀nà á pa dé. Ooru gan-an ló pa á dé.

Nínú òkè tó ṣì wà láàyè, èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ di wàhálà. Ilẹ̀ ń mì, àpáta yíyọ́ tuntun ń ya ara wọlé, pàlàpálá tó ti dí á tún là. Òkè tó ti sùn kì í yí ara padà. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti jiná. Ooru ṣì wà nínú rẹ̀ torí pé ooru kì í tètè jáde nínú irú ara ńlá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń tún ọ̀nà ṣe mọ́.

Ibí ni jíjẹ tí òjò jẹ òkè náà ti wọ ọ̀rọ̀, èyí tí mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Bí o bá kọ́kọ́ gbọ́ pé omi ti gbẹ́ òkè náà wọlé tó mítà 1,000, wàá ní, "Áà, ire dé! Wọ́n ti bá wa gbẹ́ ìdajì kànga, a ti sún mọ́ ooru." Òótọ́ ni, wọ́n sún mọ́ ooru. Ṣùgbọ́n àpáta tó wà nísàlẹ̀ àgbada náà ni èyí tó ti wà nínú lọ́hùn-ún nígbà àtijọ́, tó ti sè nínú omi gbígbóná fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tó ti dí. Èyí tó rọ̀, tó ṣì ní ihò, tó máa ń gba omi sára, òun ni òjò ti kó lọ sínú òkun. Bí irin ìgbẹ́lẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ ní Salazie, kò jìnnà sí ibi tí kànga ẹlòmíràn á parí sí. Ohun tí òjò fi ọwọ́ ọ̀tún fún wọn, ó ti fi ọwọ́ òsì gbà á.

Ìsun náà wá ńkọ́? Mo ní ká fi àmì sí ọdún 1948. Ìsun tí ilẹ̀ tó yí lulẹ̀ lè dí, ibi tó gbà jáde kì í ṣe pàlàpálá àpáta líle. Àárín pàǹtí òkúta tó já wálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè ló gbà. Pàǹtí náà pọ̀ nínú Salazie. Lọ́dún 1875, ìjábọ́ kan bo àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Grand Sable mọ́lẹ̀, ó sì pa nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn. Omi òjò ń wọ inú irú pàǹtí yìí, ó ń kó ooru díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀, ó sì ń jáde. Afẹ́fẹ́ rọrùn láti gba ibi tí omi kò lè gbà. Ẹlòmíràn lè ní ẹnu ìsun nìkan ló dí, pé ìdí rẹ̀ ṣì lè jìn. N kò lè já a ní koro. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó wà lórí tábìlì kí irin tó wọlẹ̀.

Ooru ìsun náà tilẹ̀ rèé, nǹkan bíi dígírì 32 ni ti Hell-Bourg. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkógòsì tiwa ní Èkìtì, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń pàdé omi tútù tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń lọ wò lọ́dọọdún. Nǹkan bíi dígírì 38 ni tibẹ̀. Kò sí òkè ayọnáyèéfín ní Ìkógòsì. Omi òjò ló wọ inú pàlàpálá àpáta lọ jìnnà, ó yá ooru níbẹ̀, ó sì padà wá. Ìyẹn ni pé omi tó ti ibi tí kò sí iná jáde gbóná ju èyí tó jókòó lórí dígírì 192 lọ. Bó bá jẹ́ ìsun nìkan ni a fẹ́ fi yan ibi tí a ó gbẹ́, Èkìtì ni à bá gbé ẹ̀rọ lọ! Ooru ìsun kò sọ bí ìdí ilẹ̀ ṣe gbóná tó. Bí ọ̀nà ṣe là tó ló ń sọ. Ti Ìkógòsì là. Ti Salazie ti pa dé, èyí tó bá yọ́ jáde ti fi omi òjò lú ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ ooru ilẹ̀ dìde ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn kànga yẹn, ara àbúrò ni ojú wọn lọ, sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Plaine des Sables. Wọn kò gbẹ́ ẹ. Lọ́dún 2010 ni UNESCO kọ orúkọ àwọn ṣóńṣó, àgbada àti ògiri òkè Réunion sínú ìwé ogún gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ láàárín irú ibẹ̀ sì wá di èyí tí kò rọgbọ mọ́.

Ó ku tèmi tí mo ní màá padà sí. Agbo ilé kan ni, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Onílé mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga bàbá rẹ̀. Mo gún irin mi, nọ́ńbà lọ sílẹ̀ gan-an níbẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Kànga sọ bẹ́ẹ̀, irin sọ bẹ́ẹ̀, kí ni mo tún ń wá? A gbẹ́ ẹ. Amọ̀ ni títí dé mítà 18, amọ̀ pupa tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Lẹ́yìn rẹ̀, àpáta. A lọ dé mítà 70, eruku funfun nìkan ni ẹ̀rọ ń fẹ́ sókè, gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn di funfun. Onílé kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀ńjíníà, ṣé ẹ kò rí kànga bàbá mi ni?" Mo rí i. Omi inú amọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń fà, èyí tó ń rọra sun díẹ̀díẹ̀ tó tó fún ìdílé kan nígbà náà. Kò mọ nǹkan kan nípa àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ìgbà tí mo ka ìtàn Salazie lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ìbéèrè kan náà ni èmi àti àwọn wọ̀nyẹn kò béèrè ní kùtùkùtù: ọ̀nà wo ni omi yìí ń gbà? A ti béèrè bó ṣe pọ̀ tó, àwọn ti béèrè bó ṣe gbóná tó. Ọ̀nà ló ṣòro jù láti wọ̀n láti òkè, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń fò ó. Lónìí, bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀ jù, tí ó sì lọ sílẹ̀ ní ibi gbogbo nínú agbo ilé bákan náà, amọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Mo ń wá ibi tí nọ́ńbà ti yí padà lójijì láàárín ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀, nítorí pàlàpálá kì í fẹ̀ bí ẹní.

Mo sì ti mú abọ́ funfun kan tí ìyàwó mi kò lò mọ́ sínú ọkọ̀ iṣẹ́. Ní gbogbo mítà mẹ́ta, mo ń bu pàǹtí àpáta tó jáde sínú rẹ̀, mo ń fi omi fọ̀ ọ́, mo ń fi ìka tú u. Bí ojú ibi tó ya bá mọ́ tónítóní tí ó ń dán, tàbí tí ohun funfun dí i, mo mọ̀ pé omi kò gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó dógùn-ún ni mò ń wá, èyí tó ní àwọ̀ bí irin àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń ṣa ìrẹsì.